Ọkọ̀ oníná kékeré fún inú ìlú: ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó

Agbéjẹ́ẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń wa ọkọ̀ oníná ṣáájú wa. Epo bẹntiróòlù ti sú mi, mo fẹ́ yí padà, àmọ́ owó ọwọ́ mi ò tó ti àwọn ńláńlá yẹn. Láti ilé dé ibi iṣẹ́ mi jẹ́ kìlómítà 23. Àlọ àti àbọ̀ di 46, lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Tí mo bá gbé àwọn ọmọ jáde ní Sátidé, kì í ju 30 lọ. Ọ̀nà jíjìn ò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún.

Ọkọ̀ méjì ló wà níwájú mi. Ọ̀kan ni Dacia Spring tuntun, èyí tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 26.8 kWh (kìlówáàtì-wákàtí, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), tí ìwé rẹ̀ sọ pé á rin nǹkan bíi 220 km. Ìkejì ni Nissan Leaf àlòkù tó ti lo ọdún mẹ́fà, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 40 kWh nígbà tó jáde. Iye tí wọ́n ń pè méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó ń ta Leaf ní kí n má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, pé bátìrì ńlá ni bàbá. Òun ló ń tajà, n ò lè fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sùn. Kí ni kí n wò?

Ọ̀gá Waya

Kí o tó dé orí bátìrì, dá mi lóhùn ná: ibo ni ọkọ̀ náà á máa sùn? Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá pè mí nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá ń sùn síbi tí iná wà, bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ kéré, á tẹ́ ọ lọ́rùn. Èyí tó ń sùn lójú títì, kódà kí bátìrì rẹ̀ tó ti bọ́ọ̀sì, ìwọ ni wàá máa sìn ín.

Jẹ́ ká ṣírò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán, 230 fóltì, tí ọkọ̀ bá ń fa ámpíà 10 nínú rẹ̀, kìlówáàtì 2.3 nìyẹn. Ki waya bọ̀ ọ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, yọ ọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀: wákàtí mẹ́jọ, 18.4 kWh. Díẹ̀ á bá ooru lọ. Jẹ́ ká ní 16 ló wọ bátìrì. Ọkọ̀ kékeré nínú ìlú máa ń jẹ nǹkan bíi 12 sí 15 kWh lórí 100 km. Tí a bá fi 14 ṣe é, oúnjẹ òru ọjọ́ kan á gbé ọ rin 114 km. Ìwọ, 46 lò ń wá. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ti tó ọ. Ẹni tó bá sọ pé dandan ni kó o gbé àpótí ara ògiri tó ń gbé kìlówáàtì 7 wálé kí ọkọ̀ tó dé, ní kó kọ́kọ́ wo ìṣirò yìí.

Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rù ni sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra rẹ̀. Kẹ́tùlù máa ń fa iná gan-an, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni, ó parí. Ọkọ̀ á fà á fún wákàtí gbọọrọ láìmí, lálaalẹ́. Waya tó ti gbó, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹnu rẹ̀ ti dẹ̀, á gbóná. Mo ti tú èyí tó yọ́ lẹ̀ mọ́ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Jẹ́ kí oníná fa waya tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti orí bọ́ọ̀dù, kó ní bírékà tirẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn wákàtí kan, fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì náà. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Tí ọwọ́ rẹ ò bá lè dúró lára rẹ̀, pa iná náà lójú ẹsẹ̀. Waya àfikún tí wọ́n ká jọ bí ejò, má dán an wò láéláé.

Arìnnàkore

Ọ̀gá Waya, ẹ ṣeun. Ọdún kẹrin mi rèé nínú ọkọ̀ oníná kékeré, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iye kìlómítà.

Iye tí ìwé kọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. NEDC ni Yúróòpù ń lò tẹ́lẹ̀, ó máa ń bù kún un gan-an. Láti 2017 ni WLTP ti ń rọ́pò rẹ̀, òun sún mọ́ òótọ́ díẹ̀. CLTC ni wọ́n ń lò ní Ṣáínà, ọwọ́ òun tún yá ju ti WLTP lọ. Ọkọ̀ kan náà lè ní iye méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìwé méjì, kò sì sẹ́ni tó parọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Ṣáínà wé ti Yúróòpù, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń dojú rú fún àwọn tó ń bọ̀ láti orí ọkọ̀ epo. Ọkọ̀ epo ló máa ń jẹun jù nínú ìlú. Ti oníná, òdìkejì ni. Ọ̀nà márosẹ̀, tí ẹ bá ń sá eré 110, níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń bá a jà, ibẹ̀ ni bátìrì ti ń yọ́ bí yìnyín. Nínú ìlú, gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ibi tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, mọ́tò á di jẹnẹrétọ̀, á dá díẹ̀ padà sínú bátìrì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù ò ṣe nǹkan kan: tí ọkọ̀ bá dúró, mọ́tò ò yí. Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń jẹ nǹkan bíi kìlówáàtì kan tí inú ọkọ̀ bá ti tutù tán. Kí ẹ há sójú ọ̀nà fún wákàtí méjì gbáko, 2 kWh ló lọ, kò ju 15 km lọ nínú ìrìn yín. Òtútù ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná lè fa kìlówáàtì mẹ́ta sí márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀, bátìrì fúnra rẹ̀ náà á sì máa rọ. Níbi tí òtútù bá ti ń mú, àga tó ń gbóná lábẹ́ ìdí sàn ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, iná díẹ̀ ló ń lò.

Bí èmi ṣe máa ń ṣe é rèé: mú iye WLTP, yọ ìdá kan nínú mẹ́ta dànù, kó o tún fi ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó kù sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀, má fọwọ́ kàn án. 220 á di 147, á di nǹkan bíi 117. Ìwọ ń wá 46. Spring tó ọ fún ọjọ́ méjì láìfi ẹnu kan iná.

Alátakò

Arìnnàkore ṣírò ti òní. Ẹ wo ọdún kẹjọ náà. Bátìrì máa ń dínkù. Tí 117 yẹn bá dín ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, 94 ló kù, ní àárọ̀ òtútù ẹ tún yọ nínú ìyẹn. Bátìrì kékeré tún ń kún, ó ń gbẹ lemọ́lemọ́ ju ńlá lọ lórí ìrìn kan náà. N ò sọ pé kó ra Leaf o. Mo kàn ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu dídùn tà á fún un pé 27 kWh "pọ̀".

Arìnnàkore

Alátakò, 94 ṣì ju 46 lọ ní ìlọ́po méjì 😄

Alátakò

Ó dáa, mo gbà. Títí tó fi máa yí iṣẹ́ padà.

Ọmọ Mẹkáníìkì

Ẹ̀gbọ́n Agbéjẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti Leaf, ọkọ̀ tí ọwọ́ mi mọ̀ dáadáa ni.

Bátìrì irú Leaf yìí ò ní omi tó ń tù ú bí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná tòde òní, afẹ́fẹ́ lásán ló gbára lé. Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ náà ti gbé ọdún mẹ́fà rẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye kìlómítà tó ti rìn lọ. Èyí tó gbé níbi tí oòrùn ti ń mú janjan, tí wọ́n ń fi ṣaja tó yára fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, á ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Méjì lè jọra bí ìbejì lójú, kí ọ̀kan ní agbára bátìrì 90%, kí èkejì ní 75%.

Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń fi ìwọ̀n iná hàn. Ẹ máa rí àwọn ìlà kéékèèké 12. Ìyẹn kì í ṣe iye iná tó wà nínú rẹ̀ o, bí bátìrì ṣe lágbára tó ni. Ìlà àkọ́kọ́ kì í lọ títí bátìrì á fi pàdánù bíi 15%, nítorí náà 12 pípé ò túmọ̀ sí tuntun. Ohun tó dájú ju ìyẹn ni kí ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ ojú ihò OBD (ibi tí mẹkáníìkì ti ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀) lábẹ́ sitiárì, kí ẹ gbé áàpù LeafSpy sórí fóònù. Á sọ iye tó kù fún yín gan-an, á sì fi hàn bóyá sẹ́ẹ̀lì kan wà tó rọ ju àwọn yòókù lọ. Òǹtajà tó bá kọ̀ pé kí ẹ má ki nǹkan bọ ojú ihò yẹn ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Méjì míì. Wárántì bátìrì Leaf 40 kWh ní ọ̀pọ̀ ibi jẹ́ ọdún 8 tàbí 160,000 km, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ̀yin á bá ọdún méjì níbẹ̀, bó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Ẹ ka ìwé náà fúnra yín. Èkejì ni ẹnu ṣaja: CHAdeMO ni irú Leaf yìí ń lò fún ṣaja tó yára, àwọn tuntun ní Yúróòpù sì ti gba CCS, èyí tí Spring ń lò. Ṣaja CHAdeMO ò pọ̀ sí i mọ́. Fún ilé àti ibi iṣẹ́, kò kàn yín. Fún àjò ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún yẹn, ẹ wo máàpù kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, bátìrì, bátìrì, bátìrì. Ọmọ mélòó ni Agbéjẹ́ẹ́ bí? Spring, èèyàn mẹ́rin ló ń gbà. Mẹ́rin! Bẹ́líìtì karùn-ún ò sí níbẹ̀.

Ohun kejì, ní 2021 Euro NCAP, àwọn tó máa ń fi ọkọ̀ kọlu nǹkan láti mọ bó ṣe lè dáàbò bo èèyàn, fún Spring ní ìràwọ̀ 1 nínú 5. Leaf gba 5 ní 2018. Mo mọ̀ pé òfin ìdánwò wọn ń le sí i lọ́dọọdún, a ò lè fi ìràwọ̀ ọdún kan wé ti òmíràn tààrà. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ 1 sí 5 kì í ṣe ohun tí mo lè gbójú fò nígbà tí ọmọ bá wà lẹ́yìn.

Agbéjẹ́ẹ́

Háà. Ọmọ mẹ́ta ni, Ìyá Ìbejì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi ń ka kWh, n ò ka orí ilé mi.

Lójoojúmọ́, èmi nìkan ni mo ń wà á, Sátidé sì ni èmi àti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́rin nìyẹn. Àmọ́ tí ìyá wọn bá fẹ́ bá wa lọ ńkọ́? Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún un, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n máa so òun mọ́ búùtù.

Ọ̀gá Waya, àyè ìgbọ́kọ̀sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lára ògiri níta níbẹ̀. N ò mọ bó ṣe gbó tó.

Ọ̀gá Waya

"N ò mọ bó ṣe gbó tó" ni ìdáhùn rẹ. Pe oníná kó o tó pe òǹtajà.

Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò ní àyè ìgbọ́kọ̀sí sọ tirẹ̀ fún àwọn míì tó bá ń ka èyí. Àjà kẹta ni mò ń gbé, n ò lè na waya láti ojú fèrèsé. Mo ra ọkọ̀ oníná kékeré nítorí pé ṣaja ìgboro kan wà ní ìdúró ọkọ̀ tó sún mọ́ wa. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ayé dùn. Lẹ́yìn náà ṣaja yẹn bàjẹ́, kò sẹ́ni tó wá tún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo di ẹni tó ń wá iná kiri bí ẹni ń wá omi lọ́dà. Iná ṣaja tó yára tún wọ́n ju iná ilé lọ ní ìlọ́po, èrè tí mo rò pé mo máa jẹ lórí epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀.

Ibi iṣẹ́ ló gbà mí. Wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì síbi ìgbọ́kọ̀sí wa, ara mi balẹ̀. Tí ẹ ò bá ní iná nílé, tí kò sí níbi iṣẹ́, ẹ wá ṣaja mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ẹ lè dé, ẹ lọ wò wọ́n ní aago méje alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti dé. Kì í ṣe lórí máàpù o. Ẹ fẹsẹ̀ lọ.

Aláròjinlẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé kí èèyàn má fún bátìrì lóúnjẹ kọjá 80% láé. Òótọ́ ni?

Ọmọ Mẹkáníìkì

Ó dá lórí ohun tí wọ́n fi ṣe bátìrì náà. Àwọn tó ní nickel nínú, bíi ti Leaf, kò dáa kí wọ́n kún bámúbámú kí wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, pàápàá nínú ooru. Kí ẹ kún un lálẹ́ tí ẹ ń rìn jìnnà láàárọ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan. LFP, irú bátìrì tí kò ní nickel, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré BYD ti Ṣáínà, fara da kíkún dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe é tilẹ̀ ní kí ẹ kún un dé 100% lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ lè mọ iye tó kù gan-an. Àléébù LFP ni pé nínú òtútù, ó máa ń lọ́ra láti gba iná. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín.

Bàbá Táyà

Kò tíì sẹ́ni tó fẹnu kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Tí o bá lọ wo àlòkù, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o wo abẹ́ rẹ̀: bátìrì ló tẹ́ sábẹ́ ibẹ̀ bí ẹní. Tí ara ọpọ́n rẹ̀ bá ti tẹ̀ wọnú tàbí tí ó ti wú, fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Bíréèkì oníná kì í tètè jẹ nítorí pé mọ́tò ló ń dá ọkọ̀ dúró jù, àmọ́ nítorí àìlò yẹn ó máa ń dípẹtà. Ní ojú ọ̀nà tó ṣófo, tẹ bíréèkì gidi lẹ́ẹ̀mẹta, gbọ́ bó ṣe ń dún. Táyà rẹ̀ máa ń tètè jẹ nítorí pé ọkọ̀ wúwo, mọ́tò sì ń fà á lójijì. Wo bóyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra.

Béèrè táyà àfirọ́pò. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní, ìgò gọ́ọ̀mù àti pọ́ǹpù kékeré ni wọ́n fún ọ. Gọ́ọ̀mù yẹn ò lè ran táyà tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bátìrì 12 fóltì náà wà níbẹ̀ o, èyí tó ń tan iná tó sì ń jí kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Tí òun bá kú, 40 kWh tó kún dẹ́múdẹ́mú ò lè ṣí ilẹ̀kùn fún ọ. Òun gan-an ló máa ń dá àwọn oníbàárà mi dúró lójú ọ̀nà jù. Tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ, pààrọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ tó burú.

Tí ọkọ̀ bá kú, má jẹ́ kí wọ́n fi okùn fà á pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú nílẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ni mọ́tò ń yí lára ọkọ̀ méjèèjì yìí. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó lè gbé e sẹ́yìn ni kí wọ́n mú wá. Bi àwọn adójútòfò rẹ bóyá wọ́n máa sanwó èyí.

Agbéjẹ́ẹ́

Mo padà dé. Mo lọ wo méjèèjì lánàá.

Spring, mo gbádùn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó fúyẹ́, ó ń yí kọ́rọ́ bí kẹ̀kẹ́, ibi tí n ò lè gbé ọkọ̀ mi ìsinsìnyí sí ló wọ̀. Gbogbo wa ò wọ̀ ọ́ ṣáá. Ọmọ wa àgbà ní òun lè jókòó sórí ẹsẹ̀ ìyá òun, ojú tí ìyá rẹ̀ fi wò ó ló parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Leaf: òǹtajà kọ́kọ́ ní kí n má fi ẹ̀rọ bọ ojú ihò, mo rántí Ọmọ Mẹkáníìkì, mo yí padà, mo ń lọ. Ó pè mí padà. Ìlà 11 ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, LeafSpy sì sọ pé agbára bátìrì ku 83%. Sẹ́ẹ̀lì kankan ò yàtọ̀ púpọ̀ sí èkejì. 83% nínú 40, 33 nìyẹn. Tí mo bá fi 16 sí 100 km nítorí pé ó wúwo ju Spring lọ, ó tó 200 km nínú ìlú tí ojú ọjọ́ bá dáa. Bátìrì 33 yìí ni mo ń rà, kì í ṣe 40, bẹ́ẹ̀ ni mo sì sọ fún un, ó bu owó díẹ̀ kúrò. Táyà iwájú méjì ò jọra, ó bu díẹ̀ sí i. Bàbá Táyà, ẹ ṣeun, mo tẹ bíréèkì náà, ó ké díẹ̀, ó dákẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ohun kan ló kù. Okùn tí wọ́n fi ń ki ọkọ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ò sí nínú búùtù. Ó ní òun máa fún mi ní èyí tó wà nílé òun, ti ọkọ̀ mìíràn, pé ó bá a mu.

Ọ̀gá Waya

Wo àpótí kékeré tó wà láàárín okùn náà kó o tó gbà á. Orúkọ ilé iṣẹ́, iye ámpíà àti fóltì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, ẹnu tó ń wọ ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ojú ihò tìrẹ mu láìfi agbára tì í, nítorí pé Leaf tó ní ẹnu Type 1 wà, èyí tó ní Type 2 wà. Tí bọ́tìnnì bá wà lára àpótí náà, fi sí ámpíà tó kéré jù ní òru àkọ́kọ́. Tí kò bá sí ohunkóhun tí a kọ sára rẹ̀, ní kó bu owó okùn tuntun kúrò.

Oníná tí mo ní kó o pè ńkọ́?

Agbéjẹ́ẹ́

Ọ̀la, aago mẹ́sàn-án. Mo ti sọ fún un kó mú bírékà dání.